Herbert Macaulay: Àhesọ kan ló sọ ọ́ sẹ́wọ̀n lọ́dún 1928

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Múṣin lọ sí Yábàá, tó sì fẹ́ gba Sábó bọ́ sí Alágómejì, títì kan wà tí kò ní ṣàì gbà. Herbert Macaulay ni wọ́n fi sọ títì náà. Àwòrán bàbá yìí kan náà ló wà lára owó náírà kan tí ìjọba tẹ̀ jáde lọ́dún 1979, òun náà ló tún wà lára kọ́ìnsì náírà kan tó jáde lọ́dún 1991. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tó kojú Òyìnbó amúnisìn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ ni pé oníwèé ìròyìn ni bàbá náà, pé ọ̀kan lára àwọn ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tó kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ìròyìn kan tí ìwé náà gbé jáde lọ́dún 1928, tí kò ju àhesọ lọ, ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ìdí tí a fi fẹ́ tú ìtàn yìí palẹ̀ lónìí kò jìnnà. Ẹ lọ sí Ojúwoyè tàbí Ìdí-Òrò ní Múṣin lówùúrọ̀, ẹ ó rí i bí ìròyìn ṣe ń rìn. Nígbà kan, ìdí pátákó fẹ́ńdọ̀ làwọn èèyàn máa ń pé jọ sí, tí wọn yóò máa ka àkọlé ìwé ìròyìn lófẹ̀ẹ́, tí wọn yóò sì máa jiyàn lórí ohun tí wọn kò tíì kà tán. Lónìí, inú fóònù ni ìròyìn ń gbà wọlé. Ṣàdédé ni ẹnì kan yóò gba ọ̀rọ̀ kan lórí WhatsApp pé ìjà ti bẹ́ ní òpópónà báyìí, kó tó di pé ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀ wò, àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, àwọn awakọ̀ ti ń ṣẹ́rí padà, owó ọkọ̀ ti di ìlọ́po méjì. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a ní kò sí nǹkan kan. Ta ni yóò dá owó ọjà ọjọ́ yẹn padà fún ìyá tó ń ta tòmátò? Ohun tó tún wá ń bani lọ́kàn jẹ́ ni pé àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn tó yẹ kó lọ wádìí náà ti ń bá wọn sáré ọ̀hún. Ìròyìn yàjóyàjó ni kálukú ń lé, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e ló ń rò pé òun borí.

Macaulay mọ adùn eré yìí. Ó sì mọ oró rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní ìlú Èkó. Ọmọ ilé ńlá ni. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ló dá ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1859. Ìyá rẹ̀, Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni, ìyẹn bíṣọ́ọ̀bù tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ẹni tó bá ti ilé báyìí wá, àlùfáà ni gbogbo ayé máa rò pé yóò dà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni Macaulay lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé lọ́fíìsì ìjọba lọ́dún 1881, ìjọba sì rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1890 láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ilẹ̀ wíwọ̀n. Nígbà tó dé lọ́dún 1893, wọ́n fi í sídìí iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ìjọba ní Èkó.

Kò pẹ́ tó fi rí i pé owó oṣù tí wọ́n ń san fún Òyìnbó tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà jìnnà sí tòun, àti pé inú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ìjọba ti ń rẹ́ àwọn onílẹ̀ jẹ. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1898, ó dá dúró. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló fẹ́ Caroline Pratt níyàwó, ṣùgbọ́n ìyàwó náà kú lọ́dún 1899. Kò tún ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ilé tó kọ́ ní òpópónà Balbina, tó pè ní Kirsten Hall, ló wá di ojúbọ ìṣèlú Èkó. Ibẹ̀ ló ti ń ta fayolíìnì, ibẹ̀ ló ti ń gba àlejò, ibẹ̀ náà ló ti ń kọ̀wé.

Nínú ìwé kíkọ yìí la ti kọ́kọ́ rí irú ẹni tí Macaulay jẹ́ nígbà tó bá fara balẹ̀. Lọ́dún 1908, ó tẹ ìwé pélébé kan jáde nípa Gómìnà Egerton àti ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ojú irin tí à ń wí yìí ló gba Múṣin kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Múṣin ìgbà náà, oko àti abúlé ló pọ̀ níbẹ̀, ìta ààlà ìlú Èkó ló wà, àwọn àgbà sì ní igi iṣin táwọn èèyàn ń wá ká èso rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Ohun tí Macaulay kọ ni bí wọ́n ṣe ń ná owó ojú irin náà ní ìnákúnàá. Kò kọ ọ́ bí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan ní ìdí ọtí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ́lẹ̀ rí ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìṣirò, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀. Inú bí ìjọba, ṣùgbọ́n wọn kò rí ohun tí wọ́n fẹ́ fà á lọ sí kóòtù fún nínú ìwé náà.

A gbọ́dọ̀ sọ eléyìí náà kí ìtàn má bàa wọ́ sápá kan: lọ́dún 1913, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ owó ogún olóògbé kan tí wọ́n ní ó ṣe kúmọkùmọ. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ gbà títí dọjọ́ ikú wọn pé ìjọba ló dọdẹ rẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹjọ́ yẹn ló tì í mọ́ ìta nínú ìbò. Kò lè du ipò kankan mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu, kálàmù àti ìwé ìròyìn ló wá kù fún un, ó sì lò wọ́n débi tí ọwọ́ ìjọba fi ń gbọ̀n.

Iṣẹ́ tó tóbi jù tó ṣe, ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá ni. Ìjọba gba ilẹ̀ àwọn ará Olúwa ní Àpápá, wọ́n ní láti ọdún 1861 tí Ọba Dòsùnmú ti fọwọ́ sí ìwé, ọwọ́ Ọbabìnrin ni ilẹ̀ Èkó wà. Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa, kò gbà. Ó pẹjọ́, wọ́n dá a lẹ́bi níhìn-ín, ó sì gbé e lọ sí Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní Lọ́ńdọ̀nù. Macaulay bá a lọ lọ́dún 1920. Òun ni agbọ̀rọ̀sọ rẹ̀, òun ló mọ ààlà, òun ló mọ ìtàn ìdílé kọ̀ọ̀kan àti irú ẹ̀tọ́ tí olóyè Ìdẹ́jọ ní lórí ilẹ̀. Lọ́dún 1921, ilé ẹjọ́ náà dá Olúwa láre: pé bí ìlú tilẹ̀ bọ́ sábẹ́ ọba mìíràn, ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ sí ilẹ̀ wọn kò tìtorí ẹ̀ parẹ́. Pọ́ùn 22,500 ni ìjọba san fún gbà-má-bínú. Títí dòní olónìí, àwọn agbẹjọ́rò ṣì máa ń fa ìdájọ́ náà yọ nínú ẹjọ́ ilẹ̀, àwọn ìdílé onílẹ̀ tó wà ní Múṣin àti Ìtìrẹ́ pàápàá wà lára àwọn tí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ wọn múlẹ̀. Ọdún mélòó ni ẹjọ́ yẹn gbà? Ìwé mélòó ni wọ́n kó kalẹ̀? Kò sí ẹni tó yára nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, nínú ìrìnàjò yìí kan náà ni ẹnu ti kọ́kọ́ kó bá ọba. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó dání, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ gbé, pé Èṣùgbàyí Elékòó ni ọba tí àwọn èèyàn mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún ilẹ̀ Nàìjíríà ń wárí fún. Ẹni tó bá mọ Sókótó, tó mọ Ọ̀yọ́, tó mọ Benin, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ga ju ilé lọ. Ìjọba ní kí Elékòó rán onígbè jáde, kó lu agogo yí ìlú ká pé òun kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọba kò rán onígbè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba owó oṣù rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn kò kà á sí mọ́. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà mọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1923 ni Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ló kó ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fún Èkó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún yẹn, ó tún kó wọn ní 1928 àti 1933. Òun fúnra rẹ̀ kò lè dupò, ṣùgbọ́n òun ló ń fi wọ́n joyè. Àwọn ìyá ọlọ́jà wà lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá Àlímọ́tù Pẹ̀lẹ́wùrà, ìyálọ́jà tó ń ta ẹja ní Ẹ̀rẹ́kò. Àwọn Mùsùlùmí Jámáà náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlòmíràn ló ń kà á fún wọn, tó ń túmọ̀ rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì ń gbọ̀nà ẹnu lọ sí ibi tí ìwé kò dé.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní oṣó Kirsten Hall. Kò sí ohun tí ìjọba ń gbìmọ̀ lọ́fíìsì tí kì í dé etí rẹ̀. Àwọn akọ̀wé àti mẹ́sẹ́ńjà tó jẹ́ ọmọ ìlú ló ń tú àṣírí fún un, nígbà mìíràn ìwé ìjọba gan-an ni wọ́n ń gbé wá. Lójú ará ìlú, bàbá yìí ní ojú lẹ́yìn. Ní tiwa, a rò pé ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tó ti máa ń gbọ́ òótọ́ lábẹ́lẹ̀ nígbà mẹ́wàá, nígbà kọkànlá kò ní béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá mọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí bí ìwé ìròyìn ṣe rí nígbà náà. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde. Lagos Weekly Record tí John Payne Jackson dá sílẹ̀ lọ́dún 1891, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. Ẹni tó ní odidi ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́, bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, yóò lè ránṣẹ́ lọ bi ẹni tọ́rọ̀ kàn kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1925, Victor Babamuboni, ọkùnrin tó ń ta ìwé, bẹ̀rẹ̀ Lagos Daily News. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1926, Nigerian Daily Times jáde, Ernest Ikoli ni olóòtú rẹ̀, Adéyẹmọ Alákijà àti àwọn oníṣòwò Òyìnbó ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Alákijà àti Macaulay kò jọ mu omi nínú igbá kan. Lọ́dún 1927, Macaulay àti Dókítà Caulcrick ra Lagos Daily News. Ọdún yẹn kan náà ni Nigerian Daily Telegraph dé.

Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ mẹ́ta, nínú ìlú kan ṣoṣo, láàárín ọdún méjì! Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ọwọ́ to lẹ́tà irin, àwọn tó mọ̀wé kà kò pọ̀, àwọn tó ní tọ́rọ́ láti fi ra ìwé kò tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ tí ìlú ń sọ ni ìlú yóò rà. Bí a bá ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ló kó eré àsápajúdé wọ iṣẹ́ ìròyìn, irọ́ ni. Ọjọ́ tí ìròyìn ti di ohun tí wọ́n ń tà lójoojúmọ́ ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù kàn wá fún un ní kẹ̀kẹ́ ni.

Láàárín àkókò yìí, ọ̀rọ̀ Elékòó ti di wàhálà ńlá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925, ìjọba rọ Èṣùgbàyí lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Wọ́n fi Ìbíkúnlé Akitoye jẹ, nígbà tó sì kú lọ́dún 1928 wọ́n fi Sànúsí Olúsì jẹ. Ìlú pín sí méjì, ilé pín sí méjì, àwọn mọṣáláṣí pàápàá pín sí méjì. Macaulay àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé ẹjọ́ ọba lọ sí kóòtù, wọ́n lé wọn, wọ́n tún gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹfà ọdún 1928, Privy Council sọ pé kóòtù Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ lé ẹjọ́ náà sọnù, kí wọ́n gbọ́ ọ. Inú àwọn ará Èkó dùn. Gbogbo wọn ń retí pé ọba máa tó dé.

Ẹni tó bá mọ ìlú tó wà nírú ipò yìí mọ̀ pé àhesọ ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ọ̀kan bẹ́ sílẹ̀ pé àwọn kan ti ń gbìmọ̀ láti pa Elékòó. Wọ́n da ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ìbọn mọ́ ọn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹjọ́ ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n ń pe ẹjọ́ tó tìdí rẹ̀ yọ títí dòní. Ta ló gbìmọ̀? Níbo? Ta ló wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ? Lagos Daily News gbé e jáde. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé bó bá wà lẹ́nu ọjà lásán ó lè kú síbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti wá di ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé, ohun tí ẹni tó ń kà á lè nà sókè pé ẹ wò ó, ó wà nínú ìwé ìròyìn.

Ìjọba tó ti ń wá Macaulay lọ́wọ́ láti ọdún 1908, tí kò rí i mú lórí owó ojú irin, tí kò rí i mú lórí ilẹ̀ Àpápá, ti wá rí i mú wàyí. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó fi ìwé ìròyìn rẹ̀ ba àwọn èèyàn lórúkọ jẹ́, ẹ̀sùn ọ̀daràn sì ni. Kóòtù dá a lẹ́bi, ó sì rí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà he. Ọmọ ọdún 63 ni nígbà tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní ìjọba amúnisìn ni, kò sí ohun tó kọ tí wọn kò ní fi tì í mọ́lé. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn. James Bright Davies lọ sẹ́wọ̀n lọ́dún 1916. Thomas Jackson, ọmọ John Payne Jackson, lọ lọ́dún 1925. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Èrò ọkàn wọn ni àwọn yẹn kọ, wọ́n bá ìjọba wí, wọ́n bá adájọ́ wí, ìjọba sì fìyà jẹ wọ́n nítorí pé òótọ́ ọ̀rọ̀ dun ìjọba. Ẹni tó bá lọ sẹ́wọ̀n fún irú ìyẹn, ọrùn rẹ̀ ga. Ti Macaulay kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìwé rẹ̀ gbé kì í ṣe èrò, ìròyìn ni, ìròyìn ìpànìyàn, láìsí ẹ̀rí tó lè gbé e ró. Òun fúnra rẹ̀ ló fi kùmọ̀ lé àwọn ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò tún ní kí ni kó wá ṣe? Ìjọba ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, ọba wà ní Ọ̀yọ́, ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀. Bó bá dákẹ́ ńkọ́, tí wọ́n sì pa ọba lóòótọ́? Ìbéèrè tó le ni, a kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìgbà mìíràn wà tí ẹni tó yára máa ń jàre. Ní ìparí oṣù keje ọdún 2015, nígbà tí ìròyìn jáde pé Ọọ̀ni Okùnadé Síjúwadé ti wàjà, àwọn ìjòyè Ifẹ̀ ní irọ́ ni, ọba wà pẹpẹ. Ó di oṣù kẹjọ kí wọ́n tó kéde rẹ̀, àwọn oníròyìn ló sì jàre. Ṣùgbọ́n wọn kò jàre nítorí pé wọ́n yára. Wọ́n jàre nítorí pé àwọn tó sọ ọ́ fún wọn mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Macaulay ìbá ti lè kọ̀wé sí Gómìnà nígbà náà, kó béèrè ètò ààbò tó wà fún Elékòó, kó sì tẹ lẹ́tà náà jáde. Ìlú ìbá ti mọ̀, ìjọba ìbá ti wà lójúfò, kò sì sẹ́ni tó máa fẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ kàn án. Lẹ́tà kíkọ kò sì ṣàjèjì sí i, akọ̀wé ìjọba ni tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó gbé ọba padà sílé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ìbọn. Nígbà tí ariwo yẹn rọlẹ̀, tí bàbá ti ṣẹ̀wọ̀n, fáìlì ẹjọ́ ṣì ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti kóòtù dé kóòtù. Ní oṣù kẹta ọdún 1931, Privy Council tún sọ̀rọ̀, wọ́n ní ìjọba kò lè lé èèyàn kúrò nílùú bó ṣe wù ú láìjẹ́ pé ó fi hàn níwájú adájọ́ pé òfin fún òun lágbára bẹ́ẹ̀. Gómìnà tuntun, Donald Cameron, rí i pé ó sàn kí wọ́n parí ìjà. Èṣùgbàyí padà sí Èkó lọ́dún 1931, ó gorí àpèrè, ó sì wàjà lọ́dún 1932. Ìdájọ́ náà di ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin káàkiri ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti jọba rí. Ọwọ́ Macaulay wà nínú méjèèjì, àhesọ àti ẹjọ́.

Lọ́jọ́ òní, bí iléeṣẹ́ ìròyìn bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kì í sábà dé ẹ̀wọ̀n. Wọn a yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó parí. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí ni pé kó tó di pé wọ́n yọ ọ́, ogún iléeṣẹ́ mìíràn ti dà á kọ, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti sọnù, ẹni tó ń kà á ní Múṣin á wá ní ogún èèyàn ló jẹ́rìí sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ó sì lè máà tilẹ̀ sí níbẹ̀. Bí èèyàn bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ náà, wọn a ní iye èèyàn tó bá wo ojú ìwé ni owó ìpolówó fi ń wọlé, ẹni tó bá dúró wádìí, àwọn tó kù á ti kó òǹwòran lọ. Wọn kò parọ́. Owó oṣù wọn kéré, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ wọlé, olóòtú sì ń pè wọ́n ní wákàtí-wákàtí. Tọ́rọ́ ìgbà Macaulay náà ló di èyí.

Lagos Daily News kò pẹ́ láyé, kò la àwọn ọdún 1930 já. Lọ́dún 1937, Nnamdi Azikiwe dé pẹ̀lú West African Pilot, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, NYM, gba ìbò Èkó lọ́wọ́ NNDP. Ẹlòmíràn ìbá lọ jókòó sílé. Macaulay kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá NCNC sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1944, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ, Zik sì ni akọ̀wé àgbà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogboogbò, Zik pariwo pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa òun, ó sì kúrò ní Èkó. Ìjọba ní kò sí ohun tó jọ ọ́, wọ́n sì ti West African Pilot pa fúngbà díẹ̀. Títí di báyìí, àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ẹni 80 ọdún ni Macaulay nígbà yẹn. Ó dájú pé ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣàjèjì sí i.

Ní ọdún 1946, àwọn aṣáájú NCNC bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò yí ilẹ̀ yìí ká láti ta ko òfin ìlú tí Gómìnà Richards fẹ́ gbé kalẹ̀. Bàbá 81 ọdún ní òun á bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé Kano, àìsàn dá a gúnlẹ̀, wọ́n sì gbé e padà sí Èkó. Ọjọ́ keje oṣù karùn-ún ló kú. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Ìkòyí, gbogbo Èkó ló jáde, àtẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ àtẹni tó bá a jà. Zik ló sọ̀rọ̀ ìdágbére nípa rẹ̀.

Zik yìí kan náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, ìròyìn gbòde pé ó ti kú. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, wọ́n kọ ìtàn ayé rẹ̀, àwọn èèyàn ńlá ti ń dárò. Zik wà láyé. Ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún ọdún 1996 ló tó kú, àádọ́ta ọdún géérégé sí ọjọ́ tí wọ́n sin Macaulay.